Ohun Tí Kò Sí Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Nínú ilé yẹn, gbogbo ènìyàn ló ní àkókò tirẹ̀, àfi Àbígbẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ ìránṣọ ló ni àkókò ìyá, ilé ìkẹ́rùsí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ṣọ́ lóru ló ni tẹ̀gbọ́n, àìsàn ló sì ni ti bàbá. Ti Àbígbẹ̀yìn ló wà nílẹ̀ gbalaja bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì: ẹni tó bá ti gbé korobá dé, yóò pọn. Kò sì sí ẹni tó ń rò pé omi náà lè gbẹ.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ni wọ́n máa ń kọ gbogbo nǹkan sí. Bàbá tó kan ilẹ̀kùn náà ló dá àṣà yẹn sílẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ káfíńtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e. Ìwọ̀n pákó, iye ìṣó, ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ gba àga rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń kọ ọ́ sí. Ó sì máa ń wí pé, "Ohun tí kò bá sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí nínú ilé yìí." Nígbà tí àrùn ẹ̀gbà mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, tó sì mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ìyá mú ṣọ́ọ̀kì tí àwọn aránṣọ fi ń sàmì sí aṣọ, ó fa ọjọ́ méje sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì pín wọn sí wákàtí. Funfun ni tìyá, pupa ni tẹ̀gbọ́n, búlúù ni ti bàbá: ìwẹ̀, oúnjẹ, oògùn, fífa apá, fífa ẹsẹ̀. Àbígbẹ̀yìn kò ní àwọ̀ kankan. Gbogbo ohun tó jẹ́ búlúù, òun ló ń ṣe é.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí à ń wí yìí, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó ti dúró níwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́. Òní ni òpin. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò ti fèrèsé ọ́fíìsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti ń forúkọ ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sì wọlé, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún ní àyè rẹ̀. Ẹ̀ka yíya àwòrán ilé ni wọ́n gbà á sí. Kíláàsì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ dandan fún ọlọ́dún kìíní, aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti fi pẹ́ńsù kọ "àwòrán ilé" síbi méjèèjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àmọ́ lánàá, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n sún ìwẹ̀ bàbá sí aago mẹ́jọ, nígbà tí oòrùn bá ti yọ, tí ara rẹ̀ ti dẹ̀ díẹ̀. Ìyá sì fi búlúù kọ "ìwẹ̀" gba orí pẹ́ńsù kọjá, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú. Bóyá kò rí i. Pẹ́ńsù kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára pákó.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí," ni Àbígbẹ̀yìn wí. "Ọjọ́ méjì péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú méje."

Ìyá ń so okùn bàtà rẹ̀. "Ṣé wọn ò lè gbé kíláàsì náà sí ọ̀sán ni?"

"Wọn ò lè gbé e, Mà. Gbogbo wa la jọ ń ṣe é."

"Ṣé o bi wọ́n? Oníbàárà tó bá fẹ́ kí n wọn òun láàárọ̀, tí àárọ̀ ò bá rọ̀ mí lọ́rùn, mo máa ń ní kó padà wá lọ́sàn-án. Ó sì máa ń wá."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe oníbàárà, Mà."

"Hùn," ni ìyá wí, ó sì bọ́ sí bàtà kejì.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti wọlé dé láti ibi iṣẹ́ òru, tọ́ọ̀ṣì lábíyá, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Kò jókòó. Orí ìdúró ló ti ń ki búrẹ́dì bọ inú tíì, tó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àbígbẹ̀yìn dúró kó gbé èyí tó wà lẹ́nu mì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wẹ bàbá lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Ẹ̀yin náà á kúkú ti dé nígbà yẹn."

"Èmi? Kí n wá sùn nígbà wo? Ẹni tó wà lẹ́nu géètì yẹn ṣáájú mi, ṣé o mọ ohun tó lé e lọ? Oorun. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ọ̀gá bá a lójú oorun."

"Ọjọ́ méjì ni mo wí, Bọ̀ọ̀dá."

"Ọjọ́ méjì lónìí, ọ̀la á di mẹ́ta. Àbí ẹ fẹ́ kí èmi náà ṣubú lulẹ̀ kí ẹ wá kọ èmi náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

"Ẹ rọra," ni ìyá wí. "Bàbá yín ń gbọ́."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú. Inú pálọ̀ náà ni ibùsùn bàbá wà, lẹ́bàá fèrèsé, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò sì jọ ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ̀gbọ́n gbé ife tíì rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó fi òwú dí etí rẹ̀ méjèèjì gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ejò tiẹ̀ sàn, ejò kò níṣẹ́ òru.

Ìyá dìde. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń ti géètì ilé iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì pẹ́, wọn á ní kó padà sílé. Ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀.

"Àbígbẹ̀yìn mi, ìwọ lo gbọ́n jù nínú ilé yìí. Bí aṣọ ò bá tó, ṣé kì í ṣe pé a máa ń gé e kó bá ohun tó wà nílẹ̀ mu ni? Wo ibi tó ṣófo lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí dáadáa, kí o mú ẹ̀kọ́ tó bá wọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ kúkú ni ìwé."

Ó jáde. Ọgbọ́n aránṣọ ni, kò sì burú fún aṣọ. Àbígbẹ̀yìn jókòó ti tábìlì, ó tẹ́ ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wo ìwé. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣófo. Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn? Sísin ẹja. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Aago méjì Ọjọ́bọ̀ ṣófo. Orin kíkọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tí gbogbo àyè inú fọ́ọ̀mù fi kún, tí kò sì sí èyí tó gorí ìkejì. Ìgbà tó parí, ó wò ó, ó rí i pé iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ọkàn rẹ̀ kò dùn sí i, àmọ́ kò rí ibi tí àṣìṣe wà.

Ní aago mẹ́jọ, ó gbé omi gbígbóná wá. Ó wẹ ojú bàbá, ó wẹ apá tó yè, ó wẹ èyí tó kú, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ, ó nu ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá kò wò ó. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Lẹ́yìn náà ó fi ìka ọwọ́ òsì tọ́ka sí fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì, ó sì ṣe ìró kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ̀n?"

"Ó ti tán, Bàbá. Mo ti rí ẹ̀kọ́ tó bá àyè mu."

"Ẹ̀n?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ fún yín."

Bàbá pa ojú dé. Àbígbẹ̀yìn mọ̀ pé kò sùn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló ní òun á bá a jókòó ti bàbá títí di aago méjì, ìgbà tí ọkọ̀ búrẹ́dì òun máa ń dé. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé, ó sì gbé ìyìn tì í.

"Ọmọ bíi tìẹ ti wọ́n láyé ìsinsìnyí. Tèmi tó lọ sílé ìwé ńkọ́? Ṣé o rí i kó yọjú sí mi rí? Ìwọ lo máa jẹ èrè bàbá rẹ. Ilé ìwé ò kúkú ní sá lọ."

"Ẹ ṣé, mà," ni Àbígbẹ̀yìn wí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìyìn so ó mọ́lẹ̀ ní àgbègbè náà. Gbogbo wọn ló ń yìn ín, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé kànrìnkàn rí.

Ìrìn ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọgbà náà tóbi, àwọn ilé inú rẹ̀ ga, wọ́n sì jọra. Wọ́n ti lẹ àkókò àwọn ẹ̀kọ́ mọ́ pátákó gígùn kan, bébà lórí bébà, àwọn tó sì ti kọ́kọ́ débẹ̀ ti fi bíírò kọ ìkọkúkọ sí i lára. Kò sẹ́ni tó dá wá. Bàbá kan ń gbé báàgì fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ń ka àwọn ẹ̀kọ́ náà sókè fún un bí ẹni tó ń ka ìhìn ayọ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì forí korí, wọ́n ń wá èyí tí wọn yóò jọ máa jókòó sí.

"Ká mú tọ̀sán jàre," ni ọ̀kan wí, "ká lè máa sùn láàárọ̀." Ó rí Àbígbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé tọ̀sán nìwọ náà fẹ́?"

"Rárá o," ni Àbígbẹ̀yìn dáhùn. Ó fẹ́ fi nǹkan mìíràn kún un, ó tilẹ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ọmọbìnrin náà ti yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá yóò tún wẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn. Láàárín gbogbo èrò yẹn, ó ṣe Àbígbẹ̀yìn bíi pé òun nìkan ló wà nínú ọgbà náà.

Olùkọ́ tó ń gba àwọn ọlọ́dún kìíní nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbé e lọ síbi fèrèsé. Ó ti ju aago méjìlá lọ kí ó tó kan Àbígbẹ̀yìn. Ó ti rẹ olùkọ́ náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹ dé ìdajì wà lórí àwọn ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ó fi awò sójú, ó ń kà.

"Sísin ẹja. Orin kíkọ. Ìtàn àwọn ọba àtijọ́. Ìṣirò owó... èyí tilẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́dún kẹta." Ó bọ́ awò náà. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ máa kọ orin ọba fún ẹja ni?"

Àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Àbígbẹ̀yìn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà rí i pé ó dun òun.

"Àkókò wọn ló bá mi mu, sà."

"Mo gbọ́. Kí lo wá kọ́ níbí?"

Láti ìgbà tí lẹ́tà ìgbàwọlé ti dé, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn. Ìyá bèèrè ọjọ́ tí wọn yóò wọlé. Ẹ̀gbọ́n bèèrè iye ọdún tí yóò lò. Ìyá Oníbúrẹ́dì bèèrè bóyá ó jìnnà. Àbígbẹ̀yìn ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde.

"Àwòrán ilé, sà."

"Níbo ló wà nínú ohun tí o kọ yìí?"

Àbígbẹ̀yìn tún wo fọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀.

"A kì í wo aago yan ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ la kọ́kọ́ ń mú, ká tó wá wo aago. Kíláàsì àwòrán ilé, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ, kò sí òmíràn títí ọdún fi máa yí. Bí o ò bá sí níbẹ̀, o ò sí ní ẹ̀ka yìí nìyẹn. Ta ló gbà ọ́ nímọ̀ràn eléyìí?"

"Èmi ni, sà," ni Àbígbẹ̀yìn wí. Kò lè dárúkọ ìyá rẹ̀ fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Kì í ṣe ènìyàn búburú ni olùkọ́ náà. Ó fún un ní fọ́ọ̀mù tuntun, ó kọ orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù sí bébà kékeré fún un, ó sì ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà ṣáájú kó má baà tún tò. Àmọ́ kò bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́jọ nílé rẹ̀. Kò sí nínú fọ́ọ̀mù láti bèèrè. Àyè wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn fún iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, kò sí àyè fún ẹni tí yóò wẹ bàbá.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì fi bíírò kọ "Àwòrán ilé" sí òkè pátápátá. Ta ni yóò wá gbé omi gbígbóná lọ́jọ́ Ajé? Kò mọ̀. Ó ti kọ ọ́ ná. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn débi pé ó wojú ìkíní wojú ìkejì àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn kọjá, bóyá yóò rí ẹni tí yóò fi hàn. Gbogbo wọn ló ń yára.

Lẹ́yìn náà ó lọ tò síbi fèrèsé. Akọ̀wé ibẹ̀ lọ jẹun, ó pẹ́ kó tó dé. Aago méjì kọjá, ẹ̀gbọ́n tó ń sùn nìkan ló kù nílé pẹ̀lú bàbá, àmọ́ Àbígbẹ̀yìn kò lè fi ìlà sílẹ̀. Òǹtẹ̀ ló kù, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó ku ènìyàn márùn-ún níwájú Àbígbẹ̀yìn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Àbígbẹ̀yìn, tètè máa bọ̀!" Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, kò lè mí dáadáa. "Mo lọ gba búrẹ́dì mi, ìgbà tí mo máa dé, mo yọjú wo ojú fèrèsé, bàbá yín ò sí lórí ibùsùn mọ́. Wọ́n ti ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo tì í tì í, kò ṣí. Mò ń gbọ́ ohùn wọn."

"Bọ̀ọ̀dá mi ńkọ́, mà?"

"Mo ti gbá fèrèsé rẹ̀ títí tọ́wọ́ fi ń dùn mí. Ó ń hanrun ni."

Àbígbẹ̀yìn kò pe ìyá. Inú dúrọ́ọ̀ lẹ́nu géètì ni wọ́n ń kó fóònù àwọn aránṣọ sí di ìrọ̀lẹ́. Ó kúrò lórí ìlà, ó lọ síwájú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi tẹ òǹtẹ̀ sí i. Bàbá mi ṣubú, mò ń sáré lọ."

Akọ̀wé náà kò gbójú sókè. "Gbogbo yín ni bàbá yín máa ń ṣubú lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ tì. Padà sẹ́yìn."

Àbígbẹ̀yìn wo àwọn márùn-ún náà. Ẹni àkọ́kọ́ wo bàtà ara rẹ̀. Ẹni kejì ní, "Gbogbo wa la ń sáré." Àwọn yòókù dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àbígbẹ̀yìn kò dákẹ́, ó sọ ọ́, ó bẹ̀bẹ̀, ibi kan náà ló já sí. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì, ó sì sáré.

Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn títí ó fi ṣí díẹ̀, ó tó kí ẹni tínrín fẹ̀gbẹ́ wọlé. Bàbá wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri, ẹsẹ̀ tó kú kákò sábẹ́ rẹ̀. Kò farapa púpọ̀, ìgúnpá rẹ̀ bó díẹ̀ ni. Ó ti wọ́ ara rẹ̀ la pálọ̀ kọjá. Aṣọ ibùsùn tó tẹ̀ lé e ló fi ọ̀nà tó gbà hàn. Àbígbẹ̀yìn kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan itan rẹ̀, ó ń wí pé, "Kí lẹ wá ṣe níbí, Bàbá? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Bàbá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Àtẹ́lẹwọ́ náà kún fún ṣọ́ọ̀kì búlúù.

Àbígbẹ̀yìn gbójú sókè wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ìwẹ̀" ṣì wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wà ní Ọjọ́bọ̀, ní ọjọ́ Ẹtì, ní Àbámẹ́ta àti ní Àìkú. Ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ṣọ́ọ̀kì ti lọ. Pẹ́ńsù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló kù, tín-ín-rín, ó sì hàn kedere: àwòrán ilé.

"Ẹ̀n?" ni bàbá wí.

Aago ara ògiri ti fi ìṣẹ́jú méjì kọjá mẹ́rin. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú báàgì léjìká rẹ̀, ó kún, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Àbígbẹ̀yìn gbé orí lé àyà bàbá rẹ̀. "Ó dáa, Bàbá," ni ó wí. "Mo rí i. Ẹ ṣé." Kò sọ ìyókù fún un. Láti ìgbà tó ti wà láyé, kò tíì dá gbé ohun tó wúwo bẹ́ẹ̀ rí.

Òun àti Ìyá Oníbúrẹ́dì ló gbé bàbá padà sórí ibùsùn. Ó nu gbogbo ara rẹ̀, ó fi oògùn sí ìgúnpá rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn nìkan ni kò fọ̀.

Nígbà tí ìyá fi máa dé ní aago mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n ti jí, ó ń jẹ ìrẹsì. Wọ́n ròyìn ìṣubú náà fún ìyá, ó sáré wo bàbá, ó fọwọ́ kan ìgúnpá, ó mí kanlẹ̀. Ìgbà tó yíjú láti ti ilẹ̀kùn ló tó rí i.

"Ta ló pa ibí yìí rẹ́?"

"Ara wọn ló nù ún nígbà tí wọ́n ṣubú," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Àbígbẹ̀yìn ń fa ẹsẹ̀ bàbá bó ṣe wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún aago mẹ́fà.

Ìyá yọ ṣọ́ọ̀kì nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. "Ilé ìwé ńkọ́? Ṣé o rí èyí tó bá àyè mu?"

"Wọ́n ti ti fèrèsé kí ó tó kàn mí, Mà."

"Á, pẹ̀lẹ́. Ṣé ọdún mìíràn ò ní dé ni?" Ó kọ "ìwẹ̀" sí ọjọ́ Ajé, ọwọ́ aránṣọ, ó gún régé. Ó fẹ́ bọ́ sí Ọjọ́rú, ó sì wẹ̀yìn láti ní kí wọ́n tan iná. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ibùsùn. Ọwọ́ òsì bàbá wà lórí aṣọ ìbora, ó là sílẹ̀.

Ìyá wo ọwọ́ náà. Ó wo pẹ́ńsù tó wà níwájú rẹ̀ lára pákó, ó kà á, ẹnu rẹ̀ mì. Ó wo Àbígbẹ̀yìn. Ṣíbí ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń dún nínú abọ́. Ìyá mọ̀. Ẹni tó ti fi ogún ọdún wo àmì ṣọ́ọ̀kì kò lè ṣàì mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí ara nù àti èyí tí ọwọ́ pa rẹ́.

Aago méje ààbọ̀ ni wọn yóò ti géètì ilé iṣẹ́ ìyá lọ́jọ́ Ajé. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn padà. Kò tẹ ṣọ́ọ̀kì náà mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó kọ ti Ọjọ́rú náà, ó sì kọ ọ́ parí.